Ráútà, PlayStation àti ihò ara ògiri: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì họ́sítẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣiṣẹ́

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yàrá gbà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yunifásítì kan nílẹ̀ Èkìtì pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. "Bọ̀dá mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ gèémù PS4 mi ń rí Wi-Fi ilé-ìwé, àmọ́ kò wọlé. Fóònù mi wọlé, láptọ́ọ̀pù mi wọlé. PS4 nìkan ló kọ̀."

Mo bi í pé kí ló wá ṣe sí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ra ráútà tòkunbọ̀ kan ní Òkèyínmi, òun sì ti wáyà rẹ̀ bọ ihò ara ògiri.

"Ó ṣiṣẹ́?"

"Rárá o. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà yàrá wa fi ń pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ihò tèmi ti kú pátápátá. Wọ́n ní ICT, àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ìwé, ló tì í pa."

Ẹ̀rín pa mí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ṣe yẹn gan-an ni èmi náà ṣe nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé. Ilé-ìwé wo? Ẹ má bi mí. Odidi ìrọ̀lẹ́ méjì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi dàrú ní ìlà yàrá wa lásìkò tí àwọn èèyàn ń forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lórí portal. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tó ń bú àwọn ICT, àfi ìgbà tí ọkùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù dé ẹnu ọ̀nà mi, tó kanlẹ̀kùn, tó wo abẹ́ tábìlì mi, tó sì mi orí. Kò sọ nǹkan kan. Mímì orí yẹn ṣì ń tì mí lójú dòní.

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ihò ara ògiri họ́sítẹ́ẹ̀lì àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ ilé bàbá wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ráútà tí ẹ ń rà lọ́jà, iṣẹ́ bíi mẹ́rin ni wọ́n dì pọ̀ sínú rẹ̀. Ó ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọlé. Ó ń kó gbogbo wọn sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo tó fi ń bá ìta sọ̀rọ̀. Ó ń tú ìgbì Wi-Fi sí afẹ́fẹ́. Ó sì tún ní ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn fún wáyà. Nínú ilé, kò sẹ́ni mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, torí náà ẹ nílò rẹ̀. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní ẹni tó ń ṣe é kí ẹ tó kó ẹrù dé. Bí ẹ bá wá gbé ráútà sí i, ẹ ti fi òṣìṣẹ́ kejì sípò tí èèyàn ti wà.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì pípín ló le jù nínú wọn, òun ló sì pa ìlà yàrá àbúrò mi. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí kò sí ẹni tó gbé Adó rí tí kò mọ wàhálà ọmọ onílẹ̀.

Ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà bí àlejò tó ń wá ilẹ̀ kọ́lé sí. Kò mọ ẹnì kankan. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò lọgun láàárín agbo: "Ta ló lè fún mi ní àdírẹ́sì o?" Gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ló máa gbọ́. Ẹ̀rọ kan tó wà lọ́dọ̀ àwọn ICT, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì ìyẹn, yóò dá a lóhùn: "Gba àdírẹ́sì yìí, iye wákàtí tí wàá fi lò ó rèé, ojú ọ̀nà tí wàá gbà jáde sí ìta sì rèé." DHCP ni wọ́n ń pe ètò yìí, ìlànà rẹ̀ tí a ṣì ń tẹ̀ lé sì ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1997. Àléébù rẹ̀ kan ni pé àlejò yẹn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dá a lóhùn ló sábà máa ń tẹ̀ lé.

Ráútà yín náà mọ iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá ti wáyà ògiri bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò tí wọ́n kọ LAN sí lára, ó gbà pé òun ló ni gbogbo agbo tó wà lódì kejì wáyà. Ó wà ní yàrá kejì, ẹ̀rọ ICT wà lókèèrè. Bí ẹnì kan bá lọgun, ohùn tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Yóò fún ọmọ yàrá kejì ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, yóò sì sọ fún un pé, "Ọ̀dọ̀ mi ni kí o gbà jáde." Ọ̀nà àbájáde wo ló ní? Kò ní. Ìwé ilẹ̀ ti wọlé, ilẹ̀ ò sí. (Nọ́ńbà 192.168 yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni: láti ọdún 1996 ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àárín ilé ni kí wọ́n máa lò ó, ìdí nìyẹn tí ráútà ọ̀dọ̀ yín àti ti ará Ìkọ̀lé fi lè ní àdírẹ́sì kan náà láìjà.)

Èyí tó máa ń da orí àwọn èèyàn rú ni pé àìsàn náà kì í mú gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti gba àdírẹ́sì tòótọ́ tẹ́lẹ̀ yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó tún tan án, òun ló máa bọ́ sọ́wọ́ ráútà. Torí náà ẹ óò gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé "tèmi ń ṣiṣẹ́ o", tí ẹnì kejì ń bú ICT. Bí iná ọba bá wá lọ tó sì dé, tí gbogbo ẹ̀rọ jọ lọgun pa pọ̀, ìgbà yẹn ni wàhálà yóò kárí.

Wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i ṣá. Wáyà inú ògiri yín já sí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní switch, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa níbì kan ní ilé yẹn. ICT lè sọ fún switch náà pé ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo ni kó ti gba ìdáhùn àdírẹ́sì. Bó bá gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá, yóò dà á nù. Wọ́n sì lè ṣètò pé kó ti ihò yẹn pa fúnra rẹ̀. Ó jọ pé ohun tó pa ihò àbúrò mi nìyẹn. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni dìde lórí ibùsùn torí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe é. Ènìyàn ló kù tí yóò wá ṣí i, ẹ sì mọ bí ìyẹn ṣe máa ń pẹ́ tó lópin ọ̀sẹ̀.

"Ká ní ihò WAN ni mo lò ńkọ́?" Ó béèrè é, ìbéèrè gidi sì ni. Ihò WAN ni èyí tó dá dúró, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Bí wáyà ògiri bá wọ ibẹ̀, ráútà ò ní dà àwọn ará ìlà yàrá láàmú mọ́, torí pé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni yóò máa fún ní àdírẹ́sì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ò ní gbà á, wọ́n sì ní ìdí.

Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ráútà, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ lójú ilé-ìwé: orúkọ yín. Ọ̀rẹ́ ọmọ yàrá yín tó wá sùn mọ́jú, tó gba password yín, tó fi ṣe ohun tí kò dára, ẹ̀yin ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí. A mọ irú ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015, bí wọ́n bá sì tọpa nǹkan kan dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ibi tí ipa náà dúró sí ni wọ́n ti máa béèrè ọ̀rọ̀. Èmi ò ní fi orúkọ mi dúró fún Wi-Fi tí mi ò mọ àwọn tó ń lò ó.

Ti afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀. Wi-Fi tó ń lo ìgbì 2.4 GHz, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkànnì tó ní lé ní mẹ́wàá, mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn: 1, 6 àti 11. Àwọn tó kan Wi-Fi ilé-ìwé mọ́ òrùlé ti pín in kí àwọn tó sún mọ́ ara wọn má bàa wà lórí ìkànnì kan náà. Bí yàrá mẹ́wàá bá wá gbé ráútà mẹ́wàá dé, ńṣe ló dà bí ìpàdé ẹbí níbi tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ Wi-Fi máa ń dúró kí ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀ kó tó sọ tirẹ̀, nítorí náà bí ráútà ṣe ń pọ̀ sí i ni kálukú ń lọ́ra sí i. Ẹni tó gbé tirẹ̀ dé torí pé Wi-Fi ilé-ìwé ń fà, òun náà ti dá kún un.

Ó wá ku PS4.

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ni pé kí ló dé tí fóònù ₦80,000 fi lè wọ Wi-Fi tí PlayStation olówó ńlá kò lè wọ̀. Wi-Fi ilé, password kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò. Wi-Fi ilé-ìwé sábà máa ń jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní WPA2-Enterprise: olúkúlùkù ní orúkọ àti password tirẹ̀, ẹ̀rọ yóò fi méjèèjì hàn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù mọ ìlànà yẹn. PlayStation, Xbox àti Nintendo Switch ò mọ̀ ọ́n. Yàrá ìgbàlejò ilé ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Bí ẹ bá wá Wi-Fi lórí wọn, password nìkan ni wọn yóò béèrè. Kò sí ibi tí ẹ óò ti kọ orúkọ sí. Kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tí yóò fi wọlé, ẹ má fi ìyà jẹ pad yín.

Àwọn ilé-ìwé mìíràn ń lo irú kejì: Wi-Fi yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ ojú ìwé kan ló máa yọ, tí ẹ óò ti kọ nọ́ńbà matric yín kí ẹ tó lè lọ síbì kankan. Ẹ̀rọ gèémù lè ṣí ojú ìwé yẹn nígbà mìíràn, ó sì lè má ṣí i. Bó bá tilẹ̀ ṣí i, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò tún lé e jáde, ó sì lè jẹ́ àárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nígbà tí ẹ ń nà èèyàn ní 3-1.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ẹ forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní orúkọ tí wọ́n bí i mọ́, tí wọ́n ti kọ sí i lára láti ilé-iṣẹ́: àdírẹ́sì MAC. Ẹ óò mú un lọ sọ́dọ̀ ICT tàbí kí ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù wọn, wọn yóò sì so ó mọ́ orúkọ yín. Láti ìgbà náà, bí PS4 bá dé ẹnu ọ̀nà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò wo orúkọ àbísọ rẹ̀, yóò sì jẹ́ kó wọlé láìbéèrè password. Ilé-ìwé tó bá fi àyè gba ẹ̀rọ gèémù, ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà nìyí, wọ́n sì tún lè ya Wi-Fi kan sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Níbi àdírẹ́sì MAC yìí ni èèyàn púpọ̀ ti ń ṣubú, torí náà ẹ fara balẹ̀. Lórí PS4, inú Settings, System, System Information ló wà. PS5 gbé tirẹ̀ sí Settings, System, System Software, Console Information. Xbox ń fi í pamọ́ sí abẹ́ Advanced settings nínú ètò Network. Lórí Nintendo Switch, ẹ ṣí System Settings kí ẹ tẹ Internet. PlayStation ní méjì: ọ̀kan fún wáyà, tí wọ́n kọ LAN sí, èkejì fún Wi-Fi. Bí wáyà lẹ fẹ́ lò tí ẹ sì kọ ti Wi-Fi sílẹ̀, ẹ óò jókòó títí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá ni, méjì méjì. Nọ́ńbà rẹ̀ láti 0 dé 9, lẹ́tà rẹ̀ láti A dé F. Kò sí lẹ́tà O níbẹ̀ láéláé, òdo ni ẹ ń wò. Kò sí I náà, 1 ni.

Ẹ gbọ́ kí n sọ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí ó bá jẹ́ pé fóònù lẹ fẹ́ fi MAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pa ètò tó ń yí i padà. Láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń dá orúkọ èké jẹ́ fún Wi-Fi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má bàa máa tọpa ẹni tó ni ín kiri. Ó dára lójú títì, àmọ́ níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ sọ orúkọ yín gan-an, ó máa ń fa ìjà.

Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, bí ihò ògiri bá wà, wáyà ni kí ẹ fi gbá gèémù. Gèémù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ dátà púpọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbá a. Ohun tó nílò ni kí ọ̀rọ̀ máa yára lọ kó sì máa yára bọ̀. Wi-Fi họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tò sórí ìlà, ìdí nìyẹn tí agbábọ́ọ̀lù yín fi ń háǹgì bí ẹni tí wọ́n yà ní fọ́tò. PS4 àkọ́kọ́ tó jáde ní 2013 tún wá burú sí i, torí 2.4 GHz nìkan ni Wi-Fi rẹ̀ mọ̀. Ohun tó ń jẹ dátà ni gbígbé gèémù wálẹ̀ àti àtúnṣe rẹ̀, tó lè tó ìwọ̀n GB mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ fi ìyẹn sí àárín òru. Ará yàrá kejì ń ṣe assignment.

Bí ẹ bá wọlé tán tí PlayStation sì ń sọ pé NAT Type 3, tàbí tí Xbox ní Strict, kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́. Ó ń sọ pé ẹni tó wà níta kò lè dédé kanlẹ̀kùn yín, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ìta. Ẹ lè gbá gèémù púpọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bíbá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ tàbí gbígbà wọ́n lálejò lórí gèémù yín lè máa kọ̀. Ilé-ìwé nìkan ló lè ṣí i. Bí ẹ bá ti ráútà tiyín sáàárín, ìlẹ̀kùn á di méjì, á túbọ̀ le ni.

Àwọn kan ní ìwé àṣẹ tó gba ráútà láàyè. Ẹ kà á dáadáa, torí ohun tó sábà máa ń sọ ni pé kí ráútà ṣe iṣẹ́ Wi-Fi nìkan. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà, Access Point ni wọ́n ń pe ipò yẹn. Bí ẹ bá yan án, kò ní pín àdírẹ́sì mọ́, gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọlé yóò máa gbàṣẹ lọ́dọ̀ ICT tààrà. Bí tiyín ò bá ní ipò yẹn, ẹ pa DHCP rẹ̀, kí ẹ wá ti wáyà bọ ihò LAN. Bẹ́ẹ̀ ni, ihò kan náà tó dá wàhálà sílẹ̀ lókè. DHCP ló jẹ̀bi, kì í ṣe ihò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún ihò kékeré tí wọ́n kọ Reset sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe gbogbo ètò yìí pé, ọmọ yàrá rẹ̀ rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́, ó gún un, ráútà padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ọmọ onílẹ̀ tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìta ọgbà ní Ìwòròkò tàbí ní Ọ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ tiyín rọrùn díẹ̀. Láti ìgbà tí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú sánmà wá, ti dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn onílé kan ń ra ọ̀kan, wọ́n ń pín in fún ayálégbé. Níbẹ̀, ráútà tiyín lè gba wáyà láti ọ̀dọ̀ onílé sínú ihò WAN rẹ̀, bí onílé bá gbà. Ẹ ṣáà ṣọ́ ohun kan: ráútà Starlink ń lo 192.168.1, bí tiyín náà bá ń lò ó, kò ní mọ èyí tó jẹ́ iwájú àti èyí tó jẹ́ ẹ̀yìn. Ẹ yí tiyín sí 192.168.50, ìjà parí.

Àbúrò mi lọ bá àwọn ICT lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n bá a wí díẹ̀, wọ́n ṣí ihò rẹ̀, wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. PS4 kò wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ó pè mí lálẹ́, mo ní kó ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún mi. Ó ń kà á: "A, méjì, O..." Mo ní kó dúró ńbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti sọ O di òdo, nígbà tí mo sì pè é lálẹ́, kò gbé e. Ráútà Òkèyínmi ti wà ní Ìkẹ́rẹ́ báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn tó ń pín àdírẹ́sì.